Òǹkọ̀wé Sinimá, Òṣìṣẹ́ Ni



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń kọ ìtàn sinimá nínú ilé. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó bá a nídìí ìwé tàbí fóònù, tó ń wá ìròyìn ìdíje kiri: ta ló ń gba ìtàn, èló ni ẹ̀bùn, ọjọ́ wo ni ó parí? Àwọn òbí kan á ní kí ó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ gidi ni. Nítorí náà, ó yẹ kí á fi ojú tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń wo gbogbo iṣẹ́ wò ó: ta ló ni èrè, kí ló wà nínú ìwé àdéhùn, ta ni yóò sì gbèjà ẹni tó ṣe é?

A kò sọ pé ìdíje kò wúlò. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ló mú D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Bíyí Bándélé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan ní 1967, kọ́ ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje eré kíkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lágbàáyé. Ní 1990 ó wọ Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ ìwé ìtàn, ó ń kọ eré fún orí ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n. Ní 2013 ó sọ ìwé Chimamanda Adichie, Half of a Yellow Sun, di sinimá. Sinimá Ẹlẹ́ṣin Ọba, tó ṣe ní èdè Yorùbá láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, ni wọ́n fi hàn ní Toronto ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2022, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní Ọ́gọ́ọ̀sì.

Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1989 dé 2022, ọdún 33 ni. Ẹ̀bùn ìdíje kọ́ ló bọ́ ọ fún ọdún 33. Iṣẹ́ ni. Ìdíje a máa ṣílẹ̀kùn, kì í kọ́lé fún ni. Ìdíje Nicholl ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, bíi ènìyàn márùn-ún ló ń mú lọ́dún nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ni àwọn yòókù yóò jẹ?

Àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Máàyì 2023, nǹkan bí 11,500 ọmọ ẹgbẹ́ Writers Guild of America gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n ń béèrè owó tó tọ́ sí wọn lórí sinimá tí wọ́n ń fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń kọ ìtàn gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọjọ́ 148 ni wọ́n fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, ó wọ inú ìwé àdéhùn pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi dandan mú òǹkọ̀wé lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gba ẹ̀bùn àti ẹni tí kò gbà rí, ojú ìlà kan náà ni wọ́n jọ dúró sí.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ lórí ìtàn wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, àti pé bí yóò bá gbé e fún ẹlòmíràn, nínú ìwé ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gba ẹni tó fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Àwọn ìdíje kan wà tó jẹ́ pé nísàlẹ̀ ìwé wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo ìtàn tó bá wọlé, ì báà gba ẹ̀bùn, ì báà má gbà á, ti olùṣètò ni.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ọmọ wa nìyí. Ẹ ka òfin ìdíje dópin. Èyí tó ń gba owó ìwọlé tí kò dárúkọ àwọn onídàájọ́ rẹ̀, ẹ yẹra fún un. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìtàn yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi tó Nigerian Copyright Commission létí. Kí iye owó àti orúkọ yín lójú sinimá wà nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì má dá rìn: Screen Writers Guild of Nigeria wà fún irú yín.

Ìlọrin tó ni dàdàkúàdà kò lè sọ pé òun kò ní ìtàn. Àwọn tó ń wá ìtàn yóò wá. A ń rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò lè mú ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí àwọn tó mọ ìwé àdéhùn kà bá a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Kò ná wa lówó, iṣẹ́ tí a mọ̀ sì ni.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.