Ta Ni Bàbá Ọmọ Ewúrẹ́ Yìí?

Láàárọ̀, bí obìnrin kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ bá ti da èèpo ẹ̀gẹ́ sẹ́yìnkùlé, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ á sáré wá. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gba ìgboro lọ. Ó mọ ìyá tó bí ọmọ ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í léèrè bàbá wọn, á ní òbúkọ àdúgbò ni. Òbúkọ àdúgbò yẹn lè jẹ́ ọmọ ìyá ewúrẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ bàbá rẹ̀ gan-an.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ títọ́jú àtọ̀ òbúkọ pamọ́ fi jẹ mí lógún. Òbúkọ tó bá tètè sanra la kọ́kọ́ ń tà. Alápatà ń wá a, ẹni tó fẹ́ bọ Èṣù ń wá a, ẹni tó ń ṣe ìnáwó náà ń wá a. A tún ń tẹ àwọn mìíràn lọ́dàá kí wọ́n lè sanra sí i. Àwọn tí kò dàgbà ló máa ń ṣẹ́kù láti gun ewúrẹ́. Bí a bá gba àtọ̀ òbúkọ gidi kó tó dé ọjà Odò-Ògbè n'Ifẹ̀, irú rẹ̀ kò ní tán sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ̀nà wà. Lọ́dún 1949, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i lára àtọ̀ àkùkọ pé èròjà tí wọ́n ń pè ní glycerol kì í jẹ́ kí yìnyín pa á. Lónìí, àtọ̀ tó wà nínú omi nitrogen, níbi tí òtútù ti tó ìwọ̀n Celsius 196 lábẹ́ òdo, lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ti òbúkọ ní wàhálà tirẹ̀. Pupa ẹyin adìẹ tí wọ́n fi ń dáàbò bo àtọ̀ màlúù lè di májèlé fún un, nítorí èròjà kan wà nínú omi àtọ̀ òbúkọ fúnra rẹ̀ tó ń fọ́ ọ̀rá ẹyin náà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fọ omi yẹn kúrò, tàbí kí wọ́n dín pupa ẹyin kù. Àwọn onímọ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ti ṣiṣẹ́ lórí àtọ̀ òbúkọ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí.

Àǹfààní mìíràn wà tí n kò fẹ́ fojú kéré. Òbúkọ tí a rà lọ́jà lè gbé àrùn kata wọlé, kí ó sì pa gbogbo ẹran agbolé. Àtọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò dín ewu náà kù. Ewúrẹ́ kúkúrú wa sì ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Bí òbúkọ gíga Òkè Ọya bá gùn wọ́n títí, a lè pàdánù okun yẹn, àfi bí a bá ti tọ́jú àtọ̀ òbúkọ kúkúrú pamọ́.

Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣiyèméjì kò jẹ̀bi. Omi nitrogen ń fẹ́ lọ lójoojúmọ́, a gbọ́dọ̀ máa bu kún un, owó sì ni. Ewúrẹ́ ń wá akọ fún ọjọ́ kan sí méjì péré láàárín nǹkan bí ọjọ́ 21. Kí ẹni tó gbé àtọ̀ láti Ifẹ̀ tó dé Ìfẹ́tẹ̀dó, òbúkọ àdúgbò ti ṣe tirẹ̀. Ẹnu ilé-ọmọ ewúrẹ́ wa kéré, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè fi àtọ̀ sí i. Bí a bá sì tan irú òbúkọ kan ṣoṣo ká gbogbo abúlé, àwọn ọmọ bàbá kan náà yóò tún máa gun ara wọn, bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀.

Èmi rò pé kí nitrogen wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba bíi NACGRAB n'Íbàdàn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pa irú mọ́. Fún àwọn ìyá wa, àtọ̀ tútù, tí a kò jẹ́ kó dì, ti tó. Láàárín ọjọ́ kan, ọ̀kadà lè gbé e láti oko ìwádìí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dé Ìpetumodù. Níbi tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí agbolé méjì máa ṣe pàṣípààrọ̀ òbúkọ.

Obìnrin Mọ̀dákẹ́kẹ́ yẹn ti gé àmì sí etí gbogbo ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀, kí olè má bàa gbé wọn. Ó ku ìwé tí a óò kọ bàbá wọn sí.