Calculus Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Mú, Kì Í Ṣe Kíláàsì Ìtàn

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn olùdámọ̀ràn kan nínú, àmọ́ mo máa sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gba community college ní California dé ìdí ìmọ̀ ẹ̀rọ òfurufú kò gbọdọ̀ fi gbogbo sáà àkọ́kọ́ ṣe ìtàn àti English. (Ó jọ ti ẹni tó fi ND gba direct entry nílé; àmọ́ ní ti California, ọdún kẹta ni wọ́n máa ń wọ̀.) "Kọ́kọ́ parí àwọn kíláàsì gbogbogbò ná," ni wọ́n máa ń sọ. Fún ẹni tó fẹ́ ka ìtàn, ó dáa. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọdún kan lè bá a lọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́dún méjì àkọ́kọ́ ní Cal Poly Pomona tàbí San Diego State: calculus mẹ́ta, lẹ́yìn náà differential equations. Ọ̀kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Sáà mẹ́rin nìyẹn. Físíìsì ń dúró de calculus àkọ́kọ́, statics ń dúró de físíìsì, dynamics ń dúró de statics. Ẹ kà á lórí ìka, mẹ́rin náà ni! Ẹni tó bá tún ní láti ṣe precalculus, sáà márùn-ún ni tiẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké míì sì wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ statics. Tó bá fò yín, ó di èèmíì.

Wọn ò kàn tò ó bẹ́ẹ̀ láti fìyà jẹni o. Saturn V tó gbé Apollo 11 lọ sí òṣùpá ní 1969, ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ jó epo àti ọ́síjìn tó lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀. Bó ṣe ń jó ló ń fúyẹ́, bó ṣe ń fúyẹ́ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kí lẹ fẹ́ fi ṣírò ohun tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá? Differential equations ni.

Lóòótọ́, $46 ni yúnìtì kan fún ará ìpínlẹ̀ náà, nígbà tí owó ilé ìwé UC lé ní $14,000 lọ́dún. Owó pọ́ọ́kú yìí ló ń tan èèyàn pé kò sí wàhálà tóun bá pẹ́. Owó ilé ńkọ́? Pell Grant náà kì í kọjá sáà 12 fún ẹni tó ń kàwé ní kíkún, ẹ sì máa nílò rẹ̀ ní yunifásítì.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ mú yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lọ sórí ASSIST, tó ń fi hàn kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì yín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà. Èyí tí ọ̀kan gbà, òmíì lè má kà á sí. Ẹ to calculus àti físíìsì sí sáà wọn, kí ẹ wá fi kíláàsì gbogbogbò kọ̀ọ̀kan dí àyè tó kù. Tí calculus kan bá sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wò ó bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí ń kọ́ ọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ ẹ tún padà sórí ASSIST kí ẹ tó sanwó.