Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ni kí ó ṣíwájú

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀nà bá gbẹ, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ a máa ṣètò láti fi ọjọ́ méjì rìn nínú igbó ìjọba. Wọn a gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn a sùn nínú àgọ́, wọn a sì padà ní ọjọ́ kejì kí Mísà ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí a máa bi wá pé: Ejò ńkọ́? Ẹranko ńkọ́? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: Ta ni yóò rìn níwájú, ta ni yóò sì rìn kẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí a fi igbó Lama ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí àríwá Kútọ̀nú, ní agbègbè Toffo àti Zogbodomey. Ní 1946 ni ìjọba Faransé yà á sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ tó 16,250 hẹ́kítà. Nínú rẹ̀ ni ọ̀bọ tí ikùn rẹ̀ pupa ń gbé, èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgba àyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́ igbó, kí ẹ sì sùn kìkì ibi tí wọ́n bá fi hàn yín.

Èdè Potogí ni orúkọ yìí. Ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọjá láti Pobẹ̀ sí Kétu mọ̀ dáadáa. Bí òjò bá rọ̀, a lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ọ̀dá bá dá, a là, àlàfo rẹ̀ a sì yí ẹsẹ̀ ẹni. Ẹni tí ń fi wákàtí kan rin kìlómítà 5 lórí títì lè má rìn ju 3 lọ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ nínú ẹgbẹ́. Àwọn alágbára a yára lọ síwájú, wọn a jókòó sábẹ́ igi, wọn a mu omi. Bí aláìlera bá fi máa dé, àwọn wọ̀nyí ti sinmi tán; wọn a dìde, ó di ìrìn. Ẹni tí ó rẹ̀ jù lọ ni kò wá rí ìsinmi kankan! Ojú a tì í láti sọ̀rọ̀, a máa wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, títí yóò fi dé oríta tí kò ní mọ èyí tí àwọn yòókù gbà.

Nítorí náà, kí afọ̀nàhàn ṣíwájú, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tẹ̀ lé e, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ. Kí àgbà kan tí ó lágbára rìn kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo oríta, kí a dúró ka orí. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ọmọ tí ó wọn 50 kílò, kí ẹrù rẹ̀ má ju 10 kílò lọ. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan. Ẹni tí ó bá gbé lítà 4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì ẹrù rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe dín omi kù. Ìkòkò àti aṣọ ni kí ẹ dín. Nínú oòrùn, ẹni tí ń rìn nílò tó ìdajì lítà ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ má sì ra bàtà tuntun wọ̀ lọ. Kí ọmọ ti wọ̀ ọ́ rìn nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ gbé e sí ibòji, kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, ewu ńlá ni: ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu, ẹ sì wá ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀yin òbí, bí aṣáájú bá wá tọrọ ọmọ yín, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò rìn kẹ́yìn. Bí ó bá dárúkọ ẹni náà láìronú, ẹ di omi àti àkàrà fún ọmọ, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá ní òun kò tí ì rò ó, ẹ ní kí ó lọ rò ó wá.