Òǹkọ̀wé àti Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Kò sí ẹni tí yóò tọ ahunṣọ lọ kí ó sì wí fún un pé, "Hun aṣọ kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ará ọjà lè mọ̀ pé o mọ aṣọ í hun." Bí ẹnikẹ́ni bá dán irú rẹ̀ wò, ahunṣọ yóò wò ó lókè, yóò wò ó nílẹ̀, yóò sì padà sídìí òfì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn olóòtú ìwé ìròyìn kan ń bá àwọn òǹkọ̀wé sọ ní Ìlú Ọba, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tíì hàn. Wọn a ní kí ó kọ ọ́ ná, òkìkí ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀. Òkìkí dára, ṣùgbọ́n onílé kì í gbà á ní ìparí oṣù.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún òǹkọ̀wé tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, tí ó ń ta àròkọ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á. Freelance ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ọ̀kọ̀ tí kò ní ọ̀gá. Walter Scott lo ọ̀rọ̀ náà nínú Ivanhoe, ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní òpin ọdún 1819, fún àwọn jagunjagun tí ń bá ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó jagun. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu, nítorí irú jagunjagun bẹ́ẹ̀ kò ní gun ẹṣin rẹ̀ kí ó tó mọ iye tí a ó fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ohun ìtìjú ni kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ kíkọ gba owó, kí ó wo ìgbésí ayé Samuel Johnson. Ní ọdún 1737 ni ó wọ Lọ́ńdọ̀nù láti Lichfield, kò sì ní ohun kan bí kò ṣe ẹ̀kọ́ tí ó kọ́. Edward Cave, ẹni tí ó dá The Gentleman's Magazine sílẹ̀ ní ọdún 1731, ni ó fún un ní iṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1746, Johnson kọ àbá ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òǹtàwé, wọ́n sì jọ fi ọwọ́ sí àdéhùn pé pọ́n-ùn 1,575 ni wọn yóò san, nínú èyí tí yóò ti fún àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní tiwọn. Ọdún 1755 ni ìwé náà jáde. Ní ọdún 1759, ní àkókò àìsàn àti ikú ìyá rẹ̀, ó yára kọ ìtàn Rasselas, kí ó lè fi owó rẹ̀ sin ìyá náà kí ó sì san gbèsè tí ó fi sílẹ̀. Ìwé tí a kọ nítorí owó ìsìnkú ni, àwọn ènìyàn sì ń kà á títí di òní.

Ẹ kíyè sí i pé àbá ni Johnson kọ́kọ́ mú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ àròkọ fún ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó wá ẹni tí yóò rà á. Lẹ́tà kúkúrú ni yóò kọ sí olóòtú tí ó ni apá ibi tí àròkọ náà bá mu: kí ni ìtàn náà, èé ṣe tí ó fi yẹ kí a gbọ́ ọ nísinsìnyí, èé sì ṣe tí ó fi jẹ́ òun ni ó yẹ kí ó sọ ọ́. Ìtàn àròsọ nìkan ni a ń fi ránṣẹ́ ní odidi. The People's Friend, tí a ń tẹ̀ ní ìlú Dundee láti ọdún 1869, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ra irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìta. Orúkọ àwọn ìwé ìròyìn àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ wà nínú Writers' & Artists' Yearbook, tí ń jáde lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá tíì ka ìwé ìròyìn kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kò yẹ kí ó kọ lẹ́tà sí i.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n ru ẹran erin lórí, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tan ìrẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan tí ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fẹ́ kọ̀wé nípa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn olówó oṣù ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò rántí pé òun mọ àwọn tí ń ta iṣu àti èlùbọ́ ní Rye Lane, pé òun gbọ́ èdè wọn, àti pé wọn yóò sọ fún òun ohun tí wọn kò ní sọ fún àlejò.

Nígbà tí olóòtú bá gba àbá, ìgbà náà ni kí a sọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán. Kí òǹkọ̀wé béèrè iye ọ̀rọ̀, iye owó, ọjọ́ ìsanwó, àti iye tí yóò gbà bí wọn kò bá lo iṣẹ́ náà mọ́. Kí ó tún béèrè ẹ̀tọ́ tí ó ń tà, nítorí títa àròkọ fún ìtẹ̀jáde ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀ sí títà á pátápátá. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gbogbo ẹ̀tọ́ lórí ìtàn tí ó ń rà. Àwọn òǹkọ̀wé figbe ta, àwọn mìíràn kò sì tà fún un mọ́. Àwọn tí kò bá mọ ìwé àdéhùn í kà lè wọ Society of Authors, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1884, tí ń bá ọmọ ẹgbẹ́ yẹ ìwé wò. Òfin pàápàá wà: láti ọdún 1998, ẹni tí a kò san owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó yẹ lè béèrè èlé lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Òtítọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ìwé ìjọ tàbí ti ilé-ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí olóòtú ti ń gbowó, tí òǹtẹ̀wé ń gbowó, tí ẹni tí ń gbálẹ̀ pàápàá ń gbowó, èé ṣe tí òǹkọ̀wé nìkan yóò fi lọ sílé lọ́wọ́ òfo? Bí iṣẹ́ náà bá di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ olówó nìkan ni yóò lè ṣe é, àwọn tí baba wọn ń san owó ilé fún. Nígbà náà, ìtàn àwọn oníṣu Rye Lane yóò ti ọwọ́ ẹni tí ó fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá.