Ta Ni Ó Ni Ìdájọ́ Ọ̀rọ̀-Òdì?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn pa Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Shehu Shagari ní Sókótó, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀-òdì sí Ànọ́bì Muhammad. Ní ọjọ́ náà gan-an, ní Lẹ́kí tí kò jìnnà sí Igbó Ẹfọ̀n, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa, wọ́n sì dáná sun òun náà, nítorí aáwọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí 100 náírà. Wọ́n fi ẹ̀sìn bojú ní Sókótó; ní Lẹ́kí, wọn kò tilẹ̀ wá ohun tí wọn yóò fi bojú. Nítorí náà, kí ará Èkó má ṣe rò pé ọ̀ràn ará Òkè Ọya nìkan ni a fẹ́ sọ.

Àwọn kan ń wí pé ohun tí òfin Ìsìláàmù là sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Sókótó, àti pé àlùfáà kan kò lè sọ ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn àgbà onímọ̀ ti ń jiyàn lórí rẹ̀.

Èrò tí ó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, ni pé ikú ni ti Mùsùlùmí tí ó bá bú Ànọ́bì, bí ó tilẹ̀ túúbá. Ibn Taymiyyah ti àwọn Hambali náà le bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Ṣáfíì, èrò tí ó borí ni pé ẹni tí ó bá túúbá, kí a dá a sí. Abu Hanifa, tí ó kú ní ọdún 767, ní bí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ba májẹ̀mú ààbò rẹ̀ jẹ́. Kí adájọ́ bá a wí bí ó ti yẹ. Ẹ rántí pé Kristẹni ni Deborah. Àlùkùránì pàápàá, nínú Súúrà Nisáì, kọ́ onígbàgbọ́ pé kí ó dìde kúrò láàárín àwọn ẹlẹ́gàn títí wọn yóò fi yí ọ̀rọ̀ padà. Kò ní kí ó gbé òkúta.

Ibi tí iyàn wọn pin sí ni èyí: ìyà ikú kì í ṣe ti ará ọjà. Ti aláṣẹ ni, lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti gbọ́ ẹ̀rí. Adájọ́ pàápàá a sì máa ṣì í. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà ní Kánò dájọ́ ikú fún olórin kan, Yahaya Sharif-Aminu, láìní agbẹjọ́rò. Ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fagi lé e, ó ní kí a tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ pé òfin ọ̀rọ̀-òdì Kánò lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Yahaya wà láàyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ta ni yóò bá Deborah pe tirẹ̀?

Ìgbìmọ̀ Sultan Sókótó bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn dídà ìlú rú ni wọ́n kà sí ènìyàn méjì lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ti ìpànìyàn. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n tún sọ alápatà kan lókùúta pa ní Sókótó lórí irú ẹ̀sùn kan náà. Mùsùlùmí ni òun.

Ní ojú tiwa, ohun méjì ni ó kù. Kí àwọn àlùfáà wa sọ ìyàtọ̀ èrò wọ̀nyí fún ìjọ ní gbangba ní ọjọ́ Jímọ̀, kí òpè má bàa máa fi ìdajì ìmọ̀ pa ènìyàn. Kí ìjọba sì pe ìpànìyàn ní orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́, ìbáà ṣe ní Sókótó tàbí ní Èkó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Èyí lè mú ẹ̀rọ kúrò lójú títì. Kò lè mú ìwà náà kúrò lọ́kàn.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èrò tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá, kí ni a ó ha pè é?