Ajá Sítọ́ọ̀ àti Ológbò Tuntun: Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Sùúrù Ṣe É

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èkúté inú sítọ́ọ̀ ni. Ẹni tó bá kó àgbàdo tàbí ẹ̀wà síbẹ̀ mọ̀ pé bí èkúté bá dá àpò lu, ohun tó jẹ nìkan kọ́ ni àdánù. Èyí tó tú sílẹ̀ ńkọ́? Èyí tó tọ̀ sí ńkọ́? Oníbàárà wo ni yóò rí ìgbẹ́ eku nínú ẹ̀wà tí yóò sanwó rẹ̀ pé?

Kọmítì ti fọwọ́ sí i pé kí a wá ológbò. Ṣùgbọ́n ajá tí ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọlọ́dẹ wa ṣì ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ohunkóhun tó bá ti sáré kọjá ni yóò gbá tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ajá àti ológbò kò lè gbé pọ̀ láéláé, kí a kúkú da oògùn eku síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí.

Èmi kò fara mọ́ oògùn eku o. Oúnjẹ ènìyàn ló wà ní sítọ́ọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ oògùn eku kì í pa eku lójú kan náà; eku á jẹ ẹ́ tán, á tún rìn lọ kú sáàárín àpò tí a kò ní í rí i, àfi bó bá ń rùn. Ajá tàbí ológbò tó bá sì jẹ irú eku bẹ́ẹ̀, òun náà lè bá a lọ. Nítorí náà, bí a bá mú ológbò, kí oògùn kúrò. A kò lè fi ọwọ́ kan gbà á, kí a fi ọwọ́ kejì pa á.

Ó tún ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní ìhà Borno lọ́dún 1969, eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló ń kan oúnjẹ, tí àìsàn fi ń wọ ara ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù. Àjọ ìlera àgbáyé ka ológbò mọ́ àwọn ohun tí a lè fi dènà rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ́tótó àti kíkó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: pẹ̀lú ìmọ́tótó. Ológbò nìkan kò tó. Eku ńlá mìíràn wà tí ológbò kì í fẹ́ kọjú ìjà sí. A gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò, kí a to àpò lé pákó, kí a má tò ó mọ́ ògiri, kí a sì máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́.

Wàyí o, báwo ni ológbò yóò ṣe dúró? Àwọn ènìyàn a máa ra ológbò lọ́jà, wọn á gbé e dé, wọn á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ wọn á ní ó ti sá lọ. Kí ni kò ní í sá? Àlejò lójú, kò fi ríran. Ológbò kò mọ ibẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni, ajá sì ń gbó mọ́ ọn. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi í sí, kí a tilẹ̀kùn, kí a fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ó ní omi, oúnjẹ, iyanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí, àti páálí tí yóò máa sá pamọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa fún un lóúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ebi ló ń jẹ́ kí ológbò pa eku. Ológbò tó yó náà ń dọdẹ. Èyí tí ebi ń pa ni yóò wá ilé ẹlòmíràn lọ.

Ti ajá ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbóná sí i. Kí ó kọ́ “Jókòó,” “Dúró,” àti “Fi í sílẹ̀.” Kí a fi aṣọ tí ológbò sùn lé hàn án kí ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rí ara wọn láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, kí okùn wà lọ́rùn ajá. Bí ajá bá wò ó tí kò fò mọ́ ọn, kí ọlọ́dẹ yìn ín, kí ó fún un ní ẹran wẹ́wẹ́. Bí a bá ń na ajá nígbàkígbà tó bá rí ológbò, yóò gbà pé ológbò ló ń fa ìyà òun, ìkórìíra á sì pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní ajá tó ń sáré tó sì ń fò kò ṣeé dá dúró. Ẹ gbọ́ èyí. Ní London lọ́dún 1978, níbi ìpàtẹ ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts, wọ́n fi eré kan han àwọn èrò, níbi tí ajá ti ń fo igi ìdènà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí eré. Eré náà ti tàn ká ayé lónìí. Nígbà ìdíje, ẹni tó ń darí ajá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ fi okùn fà á. Ohùn ẹnu àti ìjúwe ọwọ́ nìkan ló ní. Bí ajá tó ń sáré bí ọfà bá lè tẹ̀ lé ohùn olúwa rẹ̀, tiwa náà á kọ́ ọ. Àwọn baba wa tó jẹ́ ọdẹ mọ èyí tipẹ́, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Kí dókítà ẹran gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá ló ń kó àrùn náà ran ènìyàn jù. Bí ẹran bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ọsíbítù lójú ẹsẹ̀. Kí aboyún má ṣe kó ìgbẹ́ ológbò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ lásán mú òkú eku.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé tó ń bọ̀ kò ju mẹ́rin lọ: owó nẹ́ẹ̀tì àti sìmẹ́ǹtì, owó abẹ́rẹ́, owó oúnjẹ ológbò lóṣooṣù, kí a sì fi iṣẹ́ náà lé ọlọ́dẹ lọ́wọ́, pẹ̀lú àfikún díẹ̀ lórí owó rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí a bá ní ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é. Ẹ fi owó yìí wé iye àpò tí èkúté bà jẹ́ fún yín lọ́dún tó kọjá, kí ẹ tó sọ pé ó pọ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá sí ìpàdé o, kí ẹ sì wá lásìkò.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé