Wọ́n Wó Pápá Tẹ́níìsì Kí Wọ́n Tó Kọ́ Òmíràn: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Yunifásítì Texas

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa bí àwọn aláṣẹ bá wó ohun tó wà nílẹ̀ láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí àwọn ará ààfin ń sùn láti ọjọ́ tí ilé ti jó títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ́ tuntun tán. Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ ká fi yẹ ọ̀rọ̀ pápá tẹ́níìsì Penick-Allison wò, èyí tí Yunifásítì Texas tó wà nílùú Austin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wó lulẹ̀ ní ọdún 2014.

Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ pápá náà, wọ́n sì fi orúkọ ènìyàn méjì pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè Gíríìkì ni Daniel Penick, ṣùgbọ́n òun náà ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ní tẹ́níìsì, títí di ọdún 1957. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́ ni Wilmer Allison. Allison yìí gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1927. Òun àti John Van Ryn jọ gba ife ẹlẹ́ni-méjì ní Wimbledon ní 1929 àti 1930, nígbà tó sì di 1935, òun nìkan ló gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó padà sí yunifásítì náà, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ni lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Pápá tó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì yìí náà kò dójú tì wọ́n. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ ilé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì Texas, Steve Bryan gba ife ẹlẹ́nìkan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Amẹ́ríkà ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sì gba ife-ẹ̀yẹ àjọ NCAA ní 1993 àti 1995.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọ ilé-ìwé lásán nìyí. Tẹ́níìsì yunifásítì ti sọ ọmọ ẹni tí kò lówó di ẹni ńlá rí. Nduka Odizor, ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì nílùú Èkó, gba ìpínlẹ̀ Texas yìí kan náà lọ, ó sì kàwé ní Yunifásítì Houston. Ní 1983, ó na Guillermo Vilas ti Argentina ní Wimbledon, ó sì wọ ìpele kẹrin ìdíje náà. Ojú pápá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń rí ọ̀nà.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi wó ti Austin? Ìdí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ronú kan pápá rárá. Ní 1881, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Texas pinnu pé Austin ni kí yunifásítì àgbà wà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn wà ní Galveston, létí òkun. Láti ìgbà náà ni ọgbà yunifásítì Austin ti ń gbòòrò láìní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀. Ní 2011 ni Kirk Watson, sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Austin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, kéde pé ìlú náà gbọ́dọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ilé-ìwòsàn ìgbàlódé láàárín ọdún mẹ́wàá.

Kò pẹ́ tí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 2012, ìgbìmọ̀ aláṣẹ àwọn yunifásítì Texas ṣèlérí mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́dọọdún. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn olùdìbò agbègbè Travis fọwọ́ sí i pé kí owó-orí ilé àti ilẹ̀ wọn fi sẹ́ǹtì 5 lé sí i lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí mílíọ̀nù 35 dọ́là sì máa ti ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́dọọdún. Ní 2013, àjọ àánú Michael àti Susan Dell ṣèlérí mílíọ̀nù 50 dọ́là. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe di Dell Medical School nìyẹn.

Owó ti dé, ó wá ku ilẹ̀. Ilẹ̀ tó bójú mu wà nítòsí ilé-ìwòsàn ìjọba tó ń jẹ́ Brackenridge, ibẹ̀ sì ni pápá tẹ́níìsì wà. Ní 2014, katakata wọlé, ìjókòó òǹwòran àti ojú pápá pa rẹ́.

Ká sọ òtítọ́, a kò lè sọ pé ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ kò wúlò. Ní 2016, àádọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé láti kọ́ṣẹ́ dókítà. Ní 2017, ilé-ìwòsàn tuntun ṣílẹ̀kùn láti rọ́pò Brackenridge tó ti gbó. Òótọ́ ni pé ní 2017 kan náà, àwọn kan lára àwọn tó ń san owó-orí pe àjọ tó ń pín owó náà lẹ́jọ́, pé ìwòsàn àwọn tálákà ni owó náà wà fún, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ìlú ló dìbò, bẹ́ẹ̀ ni ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó bá ní kí a fi bọ́ọ̀lù ṣáájú ẹ̀mí ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wọ̀ létí.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kì í ṣe wíwó tí wọ́n wó o. Wọ́n wó o kí òmíràn tó wà nílẹ̀ ni. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni pápá tuntun tó ń jẹ́ Texas Tennis Center tó ṣí. Ọdún mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Èyí já sí pé ọmọ tó wọlé nígbà tí katakata ń ṣiṣẹ́ ti wà ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní pápá tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin gba ife-ẹ̀yẹ NCAA àkọ́kọ́ wọn ní 2019, àwọn obìnrin sì gbà á ní 2021 àti 2022. Ẹwà bù sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó fara gba ìyà ti kúrò níbẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ pápá tuntun kò mẹ́nu ba Penick tàbí Allison mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí ọ̀nà mìíràn, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn Frank Erwin ní àdúgbò kan náà. Gbọ̀ngàn náà, tí wọ́n ṣí ní 1977, ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Òun náà ti di wíwó báyìí. Ṣùgbọ́n Moody Center tó rọ́pò rẹ̀ ti ṣí nínú oṣù kẹrin ọdún 2022, kí wọ́n tó ti gbọ̀ngàn àtijọ́ pa lóṣù karùn-ún. Ẹgbẹ́ alájùsáwọ̀n kò fi ọjọ́ kan ṣe aláìnílé. Àwọn òǹwòran ń sanwó wọlé wo eré tiwọn, àwọn olórin ńlá náà sì ń lo gbọ̀ngàn náà. Tẹ́níìsì kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kí ó dúró de ìgbà tirẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Láti 2013 ni wọ́n ti mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń bọ̀ lórí ilẹ̀ yẹn. Yunifásítì tó bá fẹ́ gba pápá lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ohun tó dára jù lọ láyé, ó yẹ kí ó fi ibi tí wọn yóò ti máa ṣeré hàn wọ́n, kí ó sì dá ọjọ́ tí yóò ṣí, kí ó tó pe àwọn tí yóò wá wó o.